Ta Ló Ni Orin Yìí Gan-an? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àwo Fọ́ńkì Àtijọ́

Lẹ́tà yín lórí àwo àtijọ́ pọ̀ lóṣù yìí, ibi kan náà sì ni gbogbo wọn ń lọ: orúkọ tó yẹ kó wà lára àwo tí kò sí níbẹ̀, tàbí orúkọ tó wà níbẹ̀ tó ń fa iyèméjì. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ra àwo kékeré kan, oní-45, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù ní Wúsè. Orúkọ ẹgbẹ́ olórin wà lókè, àkọlé orin wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì wà nínú àkámọ́. Ṣé òun ló kọ orin náà ni? — Òǹkàwé yín, Kúbwá

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òun, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi búra. Orúkọ inú àkámọ́ ni orúkọ tí ẹnì kan sọ fún akọ̀wé ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló sábà máa ń lọ síbẹ̀, òun ló ń buwọ́ lùwé, òun ló ń gbowó, nítorí náà orúkọ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé orí ìwé. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀dá ìlà béèsì tí gbogbo ayé ń jó sí lè má mọ̀ rárá pé wọ́n ti tẹ àwo náà tán.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó yí orúkọ náà ká. “Comp.” ń sọ pé òun ló ṣẹ̀dá orin. “Arr.” ń sọ pé òun ló to orin, pé òun ló pín iṣẹ́ fún fèrè, gìtá àti ìlù, kò sọ pé òun ló ni ohùn orin. “Trad. arr.” ni kí ẹ fura sí jù lọ. Ó ń sọ pé orin ìbílẹ̀ ni, kò ní òǹkọ̀wé, ẹni yìí kàn tò ó ni. Òótọ́ ni nígbà mìíràn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ fọ́ńkì wa máa ń fi orin àlọ́, orin eré òṣùpá àti orin ọdún ìbílẹ̀ ṣe ègbè. Ṣùgbọ́n bí ègbè bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ tí ẹsẹ orin sì jẹ́ tuntun, ẹnì kan ló jókòó kọ ẹsẹ yẹn, “Trad.” sì ti bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pátá, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu àwọn àgbà tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ ó máa wá òǹkọ̀wé fún.

“Copyright Control” kì í ṣe orúkọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé, nígbà tí wọ́n tẹ àwo, kò sí pọ́blíṣà kan tí wọ́n mọ̀ pé ó ń bójú tó orin yẹn. Àmì ℗, tí àdéhùn Geneva ti ọdún 1971 jẹ́ kó tàn kálẹ̀, ń tọ́ka sí ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. © wà fún àwòrán àti ọ̀rọ̀ ara páálí. Kò sí èyí tó sọ ẹni tó kọ orin nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kan, ẹ pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́rin: ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ohùn, ẹni tó to orin, àwọn tó lu ohun èlò àti àwọn tó kọrin, ẹni tó sanwó sítúdíò tó sì ni téèpù. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí orúkọ kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀: lébẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn páálí, ìwé ìròyìn, ẹnu ènìyàn. Ẹnì kan lè wà ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Afrodisia, wọ́n gbé àwo Danger jáde ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, àti Horizon Unlimited ní 1979. Orúkọ àwọn méjèèjì ni aráyé mọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Danger fi dún bó ṣe dún, orúkọ Biddy Wright ni yóò wá lọ, ẹni tó darí iṣẹ́ náà tó sì lu oríṣiríṣi ohun èlò sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò bu ti àwọn ìbejì kù. Ojú kejì àti ìkẹta nínú ìwé yín ló jókòó sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwo fúnra rẹ̀ ló máa pín iṣẹ́ fún yín. Music of Many Colours tí Fẹlá àti Roy Ayers jọ ṣe ní 1980 ní orin méjì péré, ọ̀kan lójú kọ̀ọ̀kan: “Africa Centre of the World” jẹ́ ti Fẹlá, “2000 Blacks Got to Be Free” jẹ́ ti Ayers. Àwọn méjèèjì ló wà lórí páálí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ “Fẹlá àti Ayers” sí iwájú orin méjèèjì ti da iṣẹ́ wọn rú.

Ìbéèrè: Mo ń gbìyànjú láti kó gbogbo iṣẹ́ olórin kan jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni? — Láti Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ìdáhùn: Lébẹ́ẹ̀lì kì í ní àmì sára lẹ́tà. Ṣẹ́gun lè jáde bíi Segun tàbí Shegun, Ṣadé bíi Sade tàbí Shade, Ṣọlá bíi Sola tàbí Shola. Oluwáṣeun lè di Olu, kó di Seun, kó di lẹ́tà kan ṣoṣo níwájú orúkọ bàbá. Níbi tí ẹ wà ní Kánò yẹn, Muhammadu, Mohammed àti Mamman lè jẹ́ ọkùnrin kan náà; Audu, Abdu àti Abdullahi náà bẹ́ẹ̀. Ẹ to gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà lè gbà jáde sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kí ẹ sì wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fi àkọlé orin nìkan wá a, nítorí àkọlé máa ń dúró níbi tí orúkọ ti yí padà.

Àwọn kan yí orúkọ wọn padà gan-an. Fela Ransome-Kuti ló wà lára àwọn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Anikulapo-Kuti ló wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e láti àárín àwọn ọdún 1970. Laolu Akins tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ BLO, Laolu Akintobi ni. Ẹlòmíràn mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, Eddie Hazel, tó ta gìtá fún Funkadelic, fi orúkọ ìyá rẹ̀, Grace Cook, síwájú àwọn orin tó bá wọn kọ lórí Standing on the Verge of Getting It On ní 1974. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa wá obìnrin kan tó ń kọ orin fọ́ńkì kiri. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ kan tí kò sí lára àwo mìíràn rí, tí kò sí nínú àwòrán ẹgbẹ́, tó kàn hàn nínú àkámọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ bi àwọn tó mọ ẹgbẹ́ náà bóyá orúkọ ìyàwó, ìyá tàbí ọmọ ẹnì kan níbẹ̀ ni.

Orúkọ ẹgbẹ́ tún lè ṣì yín lọ́nà. The Wings ti ìlà oòrùn wa, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi BAF (Biafran Air Force) nígbà ogun, kì í ṣe Wings ti Paul McCartney, bẹ́ẹ̀ ìgbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe àwo. Nígbà tí Spud Nathan kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1974, ẹgbẹ́ náà pín: Super Wings àti Original Wings. Ẹni tó bá kàn kọ “Wings” sílẹ̀ ti kó ẹgbẹ́ mẹ́rin sínú ìkòkò kan.

Èkó tún bọ́ sínú ọ̀rọ̀ Wings ti McCartney yẹn. Wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá ní 1973, wọ́n sì ṣe díẹ̀ ní sítúdíò Ginger Baker ní Ìkẹjà. Ọmọ Èkó kan, Remi Kabaka, lu ìlù sí orin “Bluebird” lórí àwo náà. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ yóò ní Èkó ló ti lù ú. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba ìlù yẹn. Ibi tí wọ́n ti gba orin àti ibi tí olórin ti wá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa wádìí wọn.

Ìbéèrè: Lébẹ́ẹ̀lì àwo mi ti ṣá, mi ò rí orúkọ kà mọ́. Ẹnì kan ní kí n wo ìwé tó wà lára àwo fúnra rẹ̀. Níbo? — Kàdúná

Ìdáhùn: Ibi dídán tí kò ní ìlà orin, tó yí lébẹ́ẹ̀lì ká. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lójú àwo bí oòrùn ìdájí. Bí ẹ bá tan án láti òkè, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ máa yí àwo díẹ̀díẹ̀. Ìwé tó máa yọ síta lè jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ tàbí èyí tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ ha. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìyọkúrò, ní ojú A àti ojú B. Bí nọ́ńbà yẹn bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ wá nọ́ńbà kejì náà lọ́tọ̀: ó ṣeé ṣe kí orin náà ti jáde níbòmíràn, lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn, kó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni orúkọ òǹkọ̀wé wà.

Fún lébẹ́ẹ̀lì tó ṣá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bákan náà, ẹ sọ fọ́tò di dúdú àti funfun lórí fóònù, kí ẹ wá fa ìyàtọ̀ dúdú òun funfun sókè. Ipa ìwé sábà máa ń hàn bí àwọ̀ tilẹ̀ ti lọ.

Bí eruku ọyẹ́ bá bo àwo, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Yanrìn kéékèèké inú eruku yóò ha ìlà orin. Ẹ da omi dísítíìlì lítà kan sínú abọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo sí i, ẹ̀kán méjì péré. Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì ń tà dára, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n bù fún yín. Ẹ fi ìdérí ike bo lébẹ́ẹ̀lì kó má baà tutù, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo bí ìlà ṣe lọ, ẹ má nù ún ní ìdábùú. Ẹ fi omi dísítíìlì tí kò ní ọṣẹ ṣan án, kí ẹ gbé e dúró sí ibòji. Oòrùn Kàdúná yóò ká àwo fínílì kò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwo àtijọ́ oní-78 tó wúwo, ẹ má fi ọtí ìfọgbẹ́ kàn án rárá, yóò jẹ ojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá mi lu ìlù fún ẹgbẹ́ kan níbí ní Jọ́s láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n ṣe àwo méjì, orúkọ bàbá mi kò sí lára ìkankan. Bàbá ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ni mo lè ṣe kí orúkọ wọn lè wọ inú àkọsílẹ̀? Ṣé a lè ní àwọn náà wà lára àwọn tó kọ orin? — Ọmọ yín, Jọ́s

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí Bàbá o. Ìlú Jọ́s kò kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni Sahara All Stars ti wá.

Ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Pé Bàbá lu ìlù lórí àwo, ẹ̀rí rẹ̀ ṣeé rí. Pé wọ́n wà lára àwọn tó kọ orin, èyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé ìlù kò ṣe pàtàkì. Clyde Stubblefield ló lu ìlù “Funky Drummer” fún James Brown ní ìlú Cincinnati ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Àìmọye olórin ló ti gé ìlù yẹn lò, síbẹ̀ orúkọ James Brown nìkan ló wà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Ní ọdún 1969 yẹn kan náà, Gregory Coleman ti ẹgbẹ́ The Winstons lu ìlù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méje péré nínú “Amen, Brother”, orin tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn “Color Him Father”. Odindi oríṣi orin kan ní Ìlú Ọba dúró lórí ìṣẹ́jú-àáyá méje yẹn, Coleman sì kú ní 2006 láìrí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ìṣe àtijọ́ ni pé ẹni tó mú ohùn àti ọ̀rọ̀ wá ló ni orin, onílù gba owó ọjọ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ìyẹn dùn wá gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ fi ìdí pé Bàbá lu ìlù múlẹ̀ ná. Ẹ jókòó tì wọ́n láàárọ̀ nígbà tí ara wọn bá balẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn wọn, kí ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka lébẹ́ẹ̀lì sí wọn létí. Ẹ gbé orin sí i, kí ẹ dá a dúró lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ wá bi wọ́n: ta ni ń ta gìtá yìí? Ta ló fọn fèrè? Ilé ta ni ẹ ti ń ṣe ìdánrawò? Ta ló kọ́kọ́ mú orin yìí wá, ṣé ó mú ọ̀rọ̀ wá ni tàbí ohùn nìkan? Ta ló sanwó ọkọ̀ tí ẹ fi lọ sítúdíò? Ìbéèrè owó ọkọ̀ yẹn dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ju “ta ló kọ orin?” lọ. Ẹni tí ẹ bá bi ní “ta ló kọ ọ́?” ní tààrà yóò dárúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ fún ọ̀wọ̀, tàbí kó dárúkọ ara rẹ̀ fún ìbínú ogójì ọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kejì tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀, láìsọ ohun tí Bàbá sọ fún un. Bí ẹ bá kó àwọn àgbà méjèèjì jọ sójú kan, ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ni ẹ ó gbọ́, èkejì yóò kàn máa mi orí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti pàdé ni ilẹ̀ ti le. Ibi tí kò bá ti pàdé, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ wá ìwé: fọ́tò ẹgbẹ́, póstà ijó, ìwé àdéhùn, rìsíìtì, ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Bí páálí téèpù sítúdíò bá wà níbì kan, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ àti iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú orin sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò ní Jọ́s àti ní Kàdúná, níbi tí rédíò ìhà àríwá ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi BCNN (Broadcasting Company of Northern Nigeria) ní 1962. Ẹ béèrè fún káàdì àkójọ àwo pẹ̀lú, kì í ṣe àwo nìkan, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ máa ń fi bíírò kọ ohun tí kò sí lára lébẹ́ẹ̀lì sórí káàdì tàbí páálí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí Discogs tàbí MusicBrainz, àwọn ìkànnì àkójọ àwo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn páálí, àti ìwé ibi dídán sí i. Ohun tí a tẹ̀ sára àwo, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìkọ. Orúkọ Bàbá, ẹ sọ pé kò sí lára àwo, kí ẹ ṣàlàyé ẹni tó jẹ́rìí àti ọdún tó jẹ́rìí. Àkọsílẹ̀ tó sọ orísun rẹ̀ kì í tètè pa rẹ́.

Bí ẹnì kejì bá sì sọ fúnra rẹ̀ pé Bàbá ló mú ohùn kan tàbí ẹsẹ kan wá, ọ̀rọ̀ di ti òǹkọ̀wé nìyẹn. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí ẹ tó tọ ẹnikẹ́ni lọ.

Ìbéèrè: Mo ti mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo kan jáde ní 1974, ṣùgbọ́n kò sí mọ́. Mo fẹ́ tún orin náà ṣe. Níbo ni mo lè lọ ní Àbújá níbí, ta ni mo sì máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? — Gàríkí

Ìdáhùn: Ẹ yí páálí padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí “RC” bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, faìlì rẹ̀ sì yẹ kó wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ní Màìtámà. Ẹ kọ́kọ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi nọ́ńbà wá a ṣáájú orúkọ, nítorí orúkọ máa ń ní àṣìkọ. Bí wọ́n bá kọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ má padà sílé: ẹ sanwó fún ẹ̀dà ìwé inú faìlì. Orúkọ àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ni ẹ ń wá, torí ọ̀dọ̀ wọn tàbí ọmọ wọn ni ìwé àdéhùn pẹ̀lú olórin lè wà. Bí kò bá sí “RC”, ó lè jẹ́ orúkọ òwò lásán, tàbí kó jẹ́ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan tó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ àwo. Ẹni tó ń ta àwo ní ìlú tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára páálí lẹ máa bi.

Àjọ tó ń rí sí kọ́píráìtì, NCC, wà ní Federal Secretariat ní ojú ọ̀nà Shehu Shagari. Ẹ lè béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fi orin náà tó wọn létí. Ẹ rántí pé òfin wa kò ní kí òǹkọ̀wé forúkọ sílẹ̀ kó tó ní ẹ̀tọ́, nítorí náà bí kò bá sí nínú ìwé wọn, kò túmọ̀ sí pé orin náà kò ní olówó. Ẹ tún kọ sí MCSN, ẹgbẹ́ tí NCC fọwọ́ sí ní 2017 láti máa gba owó ìlò orin. Ẹ béèrè nọ́ńbà ISWC, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà T tí nọ́ńbà mẹ́sàn-án sì tẹ̀ lé e kí ti ìyẹ̀wò tó parí rẹ̀. Ti orin gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn. ISRC, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá, jẹ́ ti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ISRC wá òǹkọ̀wé, orúkọ ẹni tó tún àwo náà tẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn lẹ máa rí.

Ìyàtọ̀ méjì yẹn náà ló máa dáhùn ìbéèrè àṣẹ. Lábẹ́ òfin kọ́píráìtì ti 2022, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Ti 1974 parí ní òpin 2024. Ṣùgbọ́n orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn, ní ẹ̀tọ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún un kọ pẹ̀lú ohùn tiyín, ẹ̀tọ́ kejì yìí ló kàn yín, kò sì tíì parí. Bí òǹkọ̀wé bá ju ẹyọ kan lọ, ti ẹni tó kú kẹ́yìn ni a ń kà. Ká ní méjì ló kọ ọ́, tí ọ̀kan kú ní 1980, tí èkejì kú ní 1999, ẹ̀tọ́ náà di òpin 2069. Ó dára kí ẹ wá ìdílé méjèèjì, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí ìdílé kọ̀ọ̀kan lórí ìwé pẹ̀lú àkọlé orin, orúkọ òǹkọ̀wé méjèèjì bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́, àti iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà.